Èsì: Owó ásíìdì sulphuric tí kì í dúró lójú kan

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní kí ló dé tí owó ásíìdì sulphuric fi ń lọ sókè sódò lọ́jà àgbáyé, àti pé ṣé ásíìdì ló sàn kéèyàn kó wọlé ni àbí imí-ọjọ́ (sulphur) tí wọ́n fi ń ṣe é.

Púpọ̀ nínú ásíìdì tí wọ́n ń kó láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, kò sẹ́ni tó dìídì ṣe é láti tà. Ilé iṣẹ́ tó ń yọ́ bàbà gbọ́dọ̀ gba èéfín imí-ọjọ́ mú kó má bàa ba afẹ́fẹ́ jẹ́, wọ́n á wá sọ ọ́ di ásíìdì. Bí táǹkì bá ti kún, àfi kí wọ́n tà á ní iyekíye, torí bí ásíìdì ò bá kúrò nílẹ̀, iṣẹ́ bàbà á dúró. Ìyẹn ni Japan àti Gúúsù Kòríà fi ń kó o lọ sí Chile, níbi tí wọ́n ti ń fi í yọ bàbà jáde lára òkúta.

Tọ́ọ̀nù imí-ọjọ́ 1 máa ń di bíi tọ́ọ̀nù ásíìdì 3. Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ tí ẹ máa fi sun ún, imí-ọjọ́ ni kí ẹ kó wọlé; owó ọkọ̀ á dín kù gan-an. Bí ẹ ò bá ní, ẹ ra ásíìdì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣọ́ra fún omi. Ásíìdì tó jẹ́ 98% (ìyókù jẹ́ omi) ṣeé gbé nínú táǹkì irin lásán, ṣùgbọ́n bí omi bá dà pọ̀ mọ́ ọn, á máa jẹ irin náà, gáàsì hydrogen tó lè gbiná á sì máa jáde. Ẹ rí i dájú pé táǹkì gbẹ kí wọ́n tó rọ ọ́ sínú ẹ̀.