Ṣé Fádà Lè Bá Yín Pa Gbèsè Ilé Ìwòsàn Rẹ́?

Ìbéèrè: Ilé ìwòsàn Kátólíìkì kan ní St. Louis ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọkọ mi. Bíìlì tó dé lé ní $18,000, a kò sì ní ìnṣọ́ránsì. Ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ wa sọ pé ìjọ Àgùdà ló ni ilé ìwòsàn náà, àti pé bí Fádà bá kọ̀wé sí bíṣọ́ọ̀bù, wọ́n á pa gbèsè náà rẹ́. Ó ní kí a mú $300 wá kí òun bá wa ṣe é. Mùsùlùmí ni wá. Ṣé ó ṣeé ṣe?

Ìdáhùn: Kò ṣeé ṣe. Ẹ má fún un ní kọ́bọ̀. Irú ìbéèrè yìí ti ń pọ̀ jù, àwọn gbájúẹ̀ tó sì wà nídìí rẹ̀ kò ní dáwọ́ dúró níwọ̀n ìgbà tí àwa fúnra wa bá ṣì gbà pé ibi tí wọ́n bá kọ orúkọ ẹni mímọ́ sí lára, Fádà ló ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ọ̀nà kan wà tí bíìlì yín fi lè dín kù, ó tiẹ̀ lè parẹ́, ọ̀fẹ́ sì ni. Màá dé ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wó irọ́ yìí lulẹ̀.

Ẹ mú SSM Health, àjọ ilé ìwòsàn Kátólíìkì kan, tó jẹ́ pé St. Louis gan-an ni orísun rẹ̀. Kì í ṣe bíṣọ́ọ̀bù ló dá a sílẹ̀, kì í sì í ṣe Róòmù. Obìnrin ará Jámánì kan, Mother Mary Odilia Berger, ló kó sístà mẹ́rin lẹ́yìn, tí wọ́n gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 1872. Ṣọ̀pọ̀nná ń jà nílùú. Ilé dé ilé ni wọ́n ń lọ tọ́jú aláìsàn, débi pé àwọn ará ìlú sọ wọ́n ní sístà ṣọ̀pọ̀nná, orúkọ tí ẹnikẹ́ni kò ní fẹ́ jẹ́ nílé wa. Ní 1877 wọ́n ṣí St. Mary's Infirmary. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ibà pọ́njú ń pa àwọn èèyàn lápá gúúsù. Sístà 13 lọ sí Canton ní Mississippi àti sí Memphis, márùn-ún nínú wọn sì kú síbẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin yìí ló ni ilé ìwòsàn náà, àwọn náà ló ni gbèsè rẹ̀. Ẹgbẹ́ sístà yàtọ̀ sí ìjọ àdúgbò, ó sì yàtọ̀ sí àgbègbè tí bíṣọ́ọ̀bù ń ṣàkóso. Ohun tí àwọn ènìyàn kì í mọ̀ nìyẹn.

Bí ó ṣe gbòòrò náà kò gba ọwọ́ bíṣọ́ọ̀bù kọjá. Ní 1894 àwọn kan yapa nínú ẹgbẹ́ náà, wọ́n fi Maryville ní Missouri ṣe ibùdó, àwọn ló sì dá St. Anthony Hospital sílẹ̀ ní Oklahoma City ní 1898. Ìlà méjèèjì ń kọ́ ilé ìwòsàn lọ títí, wọn kò sì tún di ọ̀kan títí di 1987, nígbà tí wọ́n mú orúkọ Franciscan Sisters of Mary. Kí ló fà á? Sístà ń dínkù, àwọn tó kù ń darúgbó. Medicare, ìnṣọ́ránsì ìjọba fún àwọn àgbàlagbà, tí wọ́n fi òfin dá sílẹ̀ ní 1965, ti sọ owó ilé ìwòsàn di ọ̀rọ̀ ìwé àti ìṣirò, nígbà tó sì di 1983, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí san iye kan pàtó fún irú àìsàn kọ̀ọ̀kan dípò kí ó san ohunkóhun tí ilé ìwòsàn bá ná. Ilé ìwòsàn tó dá dúró kò lè bá iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì dúnàádúrà, bẹ́ẹ̀ ni kò lè yá owó ńlá. Ní 1986 àwọn sístà St. Louis kó àwọn ilé ìwòsàn wọn sábẹ́ àkóso kan ṣoṣo. Ní 2013 àwọn sístà fa ìjókòó olórí lé ìgbìmọ̀ tí àwọn ọmọ ìjọ lásán lè wà nínú rẹ̀ lọ́wọ́. Láti ìgbà náà, wọ́n ti gba iléeṣẹ́ ìlera Dean ní Wisconsin, wọ́n gba ilé ìwòsàn Saint Louis University ní 2015, wọ́n sì gba Agnesian àti Monroe Clinic ní 2018. Ọ́fíìsì tó ń fi bíìlì ránṣẹ́ sí yín, abẹ́ irú àkóso ńlá yìí ló wà. Fádà àdúgbò yín kò mọ nọ́ńbà fóònù ibẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹnikẹ́ni má rò pé orúkọ mímọ́ nìkan tó láti ṣílẹ̀kùn fún tálákà. Ní 1933 wọ́n ya St. Mary's Infirmary sọ́tọ̀ fún àwọn aláwọ̀ dúdú, nítorí pé wọn kì í gbà wọ́n wọlé bákan náà níbòmíràn. Mary Antona Ebo, tó wà lára àwọn obìnrin dúdú mẹ́ta àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ náà gbà ní 1946, ti kọ́kọ́ rí bí wọ́n ṣe ń dá ọmọ dúdú padà ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì Kátólíìkì. Òun náà ló wá di olórí ilé ìwòsàn wọn ní Baraboo, Wisconsin, ní 1967.

Bí ẹ bá ṣì ń ṣiyèméjì lórí agbára bíṣọ́ọ̀bù, ẹ wo Phoenix. Ní oṣù kejìlá ọdún 2010, bíṣọ́ọ̀bù ibẹ̀ bínú sí St. Joseph's Hospital nítorí oyún kan tí wọ́n ṣẹ́ kí ìyá rẹ̀ má bàa kú. Kí ni agbára rẹ̀ ká? Ó ní wọn kò gbọdọ̀ pe ilé ìwòsàn náà ní ti Kátólíìkì mọ́. Ilé ìwòsàn kò dé inú ọwọ́ rẹ̀, àwọn dókítà ń ṣiṣẹ́ wọn lọ, bíìlì sì ń jáde.

Ó yá, ohun tí ẹ máa ṣe. Irú ilé ìwòsàn yìí kì í san owó orí ìjọba àpapọ̀ nítorí pé òfin kà á sí iléeṣẹ́ aláàánú. Òfin ìlera ọdún 2010 wá fi dandan kan lé e, abala 501(r) nínú òfin owó orí: ó gbọ́dọ̀ ní ìlànà ìrànwọ́ owó lákọsílẹ̀, kí ó sì fún ẹni tó bá béèrè lọ́fẹ̀ẹ́. Financial assistance ni wọ́n ń pè é. Ẹ pè é bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lórí fóònù. Òfin náà kò bìkítà bóyá Mùsùlùmí ni yín. Ó de ilé ìwòsàn aláàánú ti Bàtíìsì àti ti àwọn Júù pẹ̀lú.

Òfin kò sọ iye owó tó gbọ́dọ̀ máa wọlé fún yín. Ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan ló ń kọ tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń pa bíìlì rẹ́ pátápátá fún ẹni tí owó rẹ̀ kò ju ìlọ́po méjì ìlà òṣì, ìyẹn iye tí ìjọba fi ń díwọ̀n ẹni tó jẹ́ tálákà. Ní 2025, ìlà òṣì náà fúnra rẹ̀ jẹ́ $32,150 lọ́dún fún ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́rin, ìlọ́po méjì rẹ̀ sì jẹ́ $64,300. Ẹni tó bá sì yẹ, wọn kò gbọdọ̀ gbà ju iye tí wọ́n sábà ń gbà lọ́wọ́ àwọn tó ní ìnṣọ́ránsì lọ lórí ìtọ́jú tó pọn dandan.

Ọjọ́ 240 ni ẹ ní láti fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀, ẹ kà á láti ọjọ́ tó wà lórí bíìlì àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí ọkọ yín jáde. Láàárín ọjọ́ 120 àkọ́kọ́, wọn kò gbọdọ̀ pè yín lẹ́jọ́ tàbí kí wọ́n ba orúkọ yín jẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń kọ àkọsílẹ̀ gbèsè. Ẹ béèrè bíìlì tó to ohun gbogbo lẹ́sẹẹsẹ kí ẹ tó san ohunkóhun. Ẹ má fi káàdì gbèsè san án láé: gbèsè ilé ìwòsàn á di gbèsè báńkì, èlé á sì máa gùn ún.

Ìwé owó oṣù, ìwé owó orí àti àkọsílẹ̀ báńkì ni wọ́n sábà ń béèrè. Ibí ni àwọn èèyàn wa ti ń ṣubú. Owó àjọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn yín máa hàn ní báńkì bí owó oṣù ńlá. Ẹ kọ ìwé pélébé kan tì í pé owó tí ẹ dá lóṣooṣù ló padà wá. Owó tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sílé kì í sábà dín ohun tí wọ́n kà sí owó tó ń wọlé kù. Bí ìwé kan bá kù, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sí yín kí ẹ mú un wá, wọn kò kàn lè da fọ́ọ̀mù nù. Ẹ má retí fọ́ọ̀mù ní Yorùbá, ṣùgbọ́n ẹ ní ẹ̀tọ́ sí ògbufọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ní kí ẹ kọ́kọ́ béèrè Medicaid, ìnṣọ́ránsì ìjọba fún àwọn tí owó wọn kéré. Green card tí kò tíì pé ọdún márùn-ún lè dí yín lọ́wọ́ níbẹ̀, àmọ́ ìwé tí wọ́n bá fi kọ̀ fún yín wúlò fún fọ́ọ̀mù yìí. Dókítà tó kun ọkọ yín lóorun lè fi bíìlì tirẹ̀ wá lọ́tọ̀, ẹ wò ó bóyá orúkọ rẹ̀ wà nínú ìlànà náà.

Mi ò rí ìwé yín, n kì í sì í ṣe lọ́yà. Bí wọ́n bá ti pè yín lẹ́jọ́, ọ́fíìsì lọ́yà ọ̀fẹ́ ni kí ẹ kọrí sí.

Nítorí pé ẹ béèrè ibi tí ọwọ́ ìjọ dé: ìtọ́jú ni, kì í ṣe owó. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù Amẹ́ríkà ló ń kọ ìlànà ìwà tí àwọn ilé ìwòsàn yìí ń tẹ̀ lé. Obìnrin tó bá fẹ́ kí wọ́n so ilé ọmọ òun, kí ó má bàa lóyún mọ́, lẹ́yìn tí wọ́n bá fi abẹ gbẹ̀bí rẹ̀, ìlànà náà kò gbà kí wọ́n ṣe é fún un níbẹ̀. Kí ó ti béèrè lọ́wọ́ dókítà rẹ̀ nígbà tí oyún ṣì kéré, kí ó lè yan ibòmíràn. Bó bá sì jẹ́ Medicaid ló máa san án, ó gbọ́dọ̀ ti fọwọ́ sí ìwé rẹ̀ ní ó kéré tán ọgbọ̀n ọjọ́ ṣáájú.