Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ọjà Àtijọ́ Tó Wà Láàárín Ìgboro Philadelphia

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin tó ń gbé ní Philadelphia, ní Amẹ́ríkà, ní kí n wá kí òun. Ó sọ fún mi pé ọjà oúnjẹ àtijọ́ kan wà láàárín ìgboro wọn, níbi tí ilé alájà púpọ̀ yí i ká, àti pé òun yóò mú mi dé ibẹ̀. Èmi tí mo ti ń tajà ní Ouando láti ìgbà èwe mi, mo fẹ́ mọ̀ bóyá ọjà tòótọ́ ni, àbí ibi tí àwọn àlejò kàn ti ń ya fọ́tò. Ṣé wọ́n máa ń dúnàádúrà níbẹ̀? Ọjọ́ wo ló sì dára jù láti lọ? (Àlàájà kan, Àjàṣẹ́)

ÌDÁHÙN: Àlàájà wa, a kí yín kú ètò ìrìn àjò, Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ẹ lọ re, kí ẹ sì bọ̀ re. Ọjà tòótọ́ ni. Reading Terminal Market ni wọ́n ń pè é, ó wà níbi tí òpópónà kejìlá ti pàdé òpópónà Arch, kò sì jìnnà sí ilé ìjọba ìlú náà.

Ìtàn rẹ̀ yóò wọ ọlọ́jà bíi tiyín lára. Ní ayé àtijọ́, ojú títì ni wọ́n ti ń tajà ní Philadelphia, lábẹ́ àwọn àtíbàbà gígùn tó tò lọ ní òpópónà tí orúkọ rẹ̀ ṣì ń jẹ́ Market Street títí di òní. Ní 1859, ìjọba ìlú wó àwọn àtíbàbà náà, àwọn ọlọ́jà sì kó lọ sínú ilé ọjà méjì nítòsí ibẹ̀. Nígbà tó di 1889, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin Reading fẹ́ kọ́ ibùdókọ̀ ńlá sórí ilẹ̀ yẹn gan-an, ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́jà fárí gá, wọ́n ní àwọn kò kúrò. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà já sí ni pé ilé iṣẹ́ náà gbé ọ̀nà irin tirẹ̀ gba òkè, ó sì kọ́ ọjà tuntun sí abẹ́ rẹ̀. Láti 1893 ni wọ́n ti ń ta ẹran, ẹja àti ẹ̀fọ́ níbẹ̀, tí ọkọ̀ ń wọlé tó ń jáde lókè orí wọn. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ wọko gbèsè ní 1971, ọkọ̀ ojú irin sì kúrò níbẹ̀ pátápátá ní 1984, ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́jà kò kúrò. Ìdílé Bassett, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe áísìkirimù ní 1861, ṣì ń tà á níbẹ̀. Mo fẹ́ kí àwa ará Àjàṣẹ́ fi èyí sọ́kàn nígbàkígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ àtúnṣe ọjà: kì í ṣe ilé ló mú ọjà yẹn dúró, bí kò ṣe àwọn tó ń tajà nínú rẹ̀ àti àwọn tó ń wá ra ohun tí wọn yóò sè.

Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ná an, kò dà bí Adjarra tó ní ọjọ́ ọjà tirẹ̀. Síbẹ̀, ẹ má ṣe lọ ní ọjọ́ Àìkú, nítorí pé àwọn àgbẹ̀ onígbàgbọ́ tí wọ́n ń pè ní Amish, tí wọ́n ń ti ìgbèríko Lancaster wá, kì í tajà ní ọjọ́ náà. Àwọn ni obìnrin wọn ń dé fìlà funfun, tí ọkùnrin wọn sì ń dá irùngbọ̀n sí láìdá irunmú sí. Ẹ lọ ní Ọjọ́bọ̀ tàbí ọjọ́ Ẹtì láàárọ̀, kí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń wá jẹun ọ̀sán tó kún ibẹ̀. Ẹ dúró wo bí àwọn tó ń ṣe pretzel ṣe ń fi àtẹ́lẹwọ́ yí ìyẹ̀fun pípò títí yóò fi gùn bí okùn, tí wọ́n á lọ́ ọ mọ́ra, tí wọ́n á yan án, tí wọ́n á wá fi bọ́tà pa á lára nígbà tó ṣì gbóná. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe ya fọ́tò ojú àwọn Amish, wọn kò fẹ́ ẹ.

Wọn kì í dúnàádúrà níbẹ̀. Iye tí wọ́n kọ sára ọjà ni ẹ ó san, ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé pound ni wọ́n fi ń wọn nǹkan, kì í ṣe kílò, pound kan kò sì tó ìdajì kílò. Oúnjẹ tútù kò ní owó orí, ṣùgbọ́n wọn yóò fi 8 nínú 100 lé owó oúnjẹ sísè tí ẹ bá jẹ níbẹ̀.

Nítorí pé mùsùlùmí ni yín, ẹ ṣọ́ra fún ohun tí wọ́n ń pè ní scrapple. Ìyẹ̀fun àgbàdo wà nínú rẹ̀, wọ́n sì ń dín in tó fi pupa lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi ń sè é. Ẹ máa bi wọ́n léèrè kí ẹ tó ra ohunkóhun tí wọ́n dín tàbí tí wọ́n yan. Ní tèmi, ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́ja ló yẹ kí ẹ pẹ́ sí jù, kí ẹ fi ojú ọlọ́jà yan èyí tí ojú rẹ̀ ṣì ń dán, kí ẹ gbé e lọ sílé ọmọ yín, kí ẹ sì sè é. Wọn yóò bá yín họ ìpẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ tètè sọ fún wọn kí wọ́n má ju orí rẹ̀ nù.