Ìkòkò ọbẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Alẹ́kúwodò, l'Óṣogbo, ni à ń gbé, èmi, ọkọ mi àti ọmọ mẹ́ta. Ọkọ mi ní ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n sì ní ká dín iyọ̀ àti oúnjẹ inú ọ̀rá kù. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan, mo kó gbogbo índómì, máàgì àti ẹlẹ́rìndòdò kúrò nílé. Nígbà tó máa fi di Jímọ̀, ilé ti dàrú: àwọn ọmọ kọ̀, wọn ò jẹun, bàbá wọn ní ọbẹ̀ tẹ́. Ọ̀nà wo ni kí n gbé e gbà? (Ìyá Ìbejì)

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú akitiyan. Ẹ ò ṣe ohun tó burú, ẹ kàn yára jù ni. Ahọ́n tí iyọ̀ púpọ̀ ti mọ́ lára máa ń lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nígbà mìíràn oṣù méjì, kí díẹ̀ tó dùn mọ́ ọn.

Nítorí náà, ẹ fi índómì sílẹ̀ ná. Ọbẹ̀ ni gbogbo ilé jọ ń jẹ, títí kan ẹni tí ara rẹ̀ ò yá, torí náà ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti mú un. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ má tó gíráàmù 5, ìyẹn bíi ṣíbí ìpotíì kan péré. Iyọ̀ ló sì pọ̀ jù nínú máàgì, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń ṣọ́ iyọ̀ kì í sábà ka máàgì mọ́ ọn. Tó bá jẹ́ hóró mẹ́fà lẹ máa ń fọ́ sí ìkòkò, ẹ fọ́ márùn-ún fún ọ̀sẹ̀ méjì, kó tó di mẹ́rin. Ẹ má pariwo rẹ̀ nídìí oúnjẹ.

Bẹ́ ẹ ṣe ń yọ máàgì, ẹ máa fi irú dípò: wooro fún ẹ̀fọ́ rírò, pẹ̀tẹ̀ fún ewédú àti ẹ̀gúsí. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí ọ̀dọ́ abiyamọ tó ń tijú òórùn irú, nígbà tó jẹ́ pé òun gan-an ló ń gbé adùn wọnú ọbẹ̀. Ẹ ṣáà bi oníirú yín l'Ọjà Ọba bóyá ó bu iyọ̀ sí i. Tó bá bù ú, ẹ ṣàn án dáadáa. Edé gbígbẹ, ẹja yíyan, atalẹ̀ àti àlùbọ́sà tó pọ̀ náà á ràn yín lọ́wọ́.

Tọ́bẹ̀ bá ti dúró, ẹ wá kan índómì. Ìdajì èròjà inú ọ̀rá kékeré yẹn ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ fọ́ ẹyin sí i, kẹ́ ẹ rẹ́ ṣọkọ sí i. Lẹ́yìn náà, kó kúrò ní àràárọ̀, kó di ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀. Láwọn àárọ̀ yòókù, ẹ po ọ̀gì, ṣùgbọ́n kó má dá nìkan wà, torí ebi á tètè pa wọ́n ní kíláàsì. Àkàrà tàbí mọ́ínmọ́ín ni kó bá a rìn. Ẹ jẹ́ kí àwọn ìbejì bá yín bó ẹ̀wà lálẹ́ Sátidé. Ọmọ tó bá wọn bó ẹ̀wà á fẹ́ tọ́ mọ́ínmọ́ín náà wò. Tí wọ́n bá kọ̀ ọ́ nígbà àkọ́kọ́, ẹ má fipá mú wọn. Ọmọ mìíràn á rí oúnjẹ tuntun tó ìgbà mẹ́wàá kó tó gbà á.

Ní ti ẹlẹ́rìndòdò, ẹ ka iye ṣúgà tí wọ́n kọ sára ìgò, kẹ́ ẹ fi 4 pín gíráàmù rẹ̀: iye hóró ṣúgà tó wà níbẹ̀ nìyẹn. Ẹ kà á lójú àwọn ọmọ. Ọjọ́ Sunday nìkan ti tó o.

Kí bàbá wọn má dá oògùn wọn dúró nítorí pé ọbẹ̀ ti yí padà. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá yọ hóró máàgì kan, ẹ sàmì sí kàlẹ́ńdà, kẹ́ ẹ yẹ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn wò, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì náà. Ẹ mú kàlẹ́ńdà yẹn dání tẹ́ ẹ bá ń padà lọ rí dókítà.