Fọ́tò mọ́ lójú kọ̀ǹpútà, ó ṣú lórí bébà: kí ló fà á?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́. Mo máa ń tẹ fọ́tò ìdílé mi fúnra mi nílé. Lójú kọ̀ǹpútà, fọ́tò á mọ́ rekete, àmọ́ tó bá ti jáde lórí bébà, á ṣú, ojú èèyàn á sì pọ́n ju bó ṣe yẹ lọ. Mo ti pààrọ̀ tàdáwà, kò yí padà. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì náwó sí tàdáwà mọ́. Ọ̀ràn méjì ni mo rí nínú ohun tí ẹ sọ.

Ṣíṣú yẹn, ọwọ́ kọ̀ǹpútà ló ti sábà máa ń wá. Kọ̀ǹpútà ń tan ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀, bébà kò sì ní ju ìmọ́lẹ̀ tó bá bọ́ sí i lára lọ. Tí kọ̀ǹpútà bá mọ́lẹ̀ jù, fọ́tò tó ṣókùnkùn á dà bí èyí tó dáa lójú yín. Àwa tí a fi èyí ṣiṣẹ́ máa ń fi ẹ̀rọ kékeré kan wọ̀n ọ́n, a sì máa ń fi ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sáàárín 80 sí 120 cd/m² (ìwọ̀n tí a fi ń mọ bí ojú kọ̀ǹpútà ṣe mọ́lẹ̀ tó). Tí ẹ kò bá ní in, ẹ ṣí ojú ewé funfun tí kò ní nǹkan kan lára, kó gba gbogbo ojú kọ̀ǹpútà. Ẹ mú bébà fọ́tò yín tí ẹ kò tíì tẹ nǹkan sí, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níbi tí iná ti tàn sí i dáadáa, kí ẹ wá máa dín ìmọ́lẹ̀ kọ̀ǹpútà kù díẹ̀díẹ̀ títí funfun méjèèjì á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ó máa ń ya èèyàn lẹ́nu bó ṣe máa ń lọ sílẹ̀ tó.

Ní ti pípọ́n, mo fura pé ẹni méjì ló ń tún àwọ̀ kan náà ṣe. Photoshop, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń tún fọ́tò ṣe, á yí àwọ̀ padà kó lè bá bébà mu, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé náà á tún gbà á, á tún un yí. Ẹ yan ẹyọ kan. Tí ẹ bá mú “Photoshop Manages Colors” (kí Photoshop máa bójú tó àwọ̀), ẹ pa títún àwọ̀ ṣe níbi ètò ẹ̀rọ ìtẹ̀wé fúnra rẹ̀. Kí ẹ sì lo fáìlì ICC, ìyẹn fáìlì tó ń sọ bí àwọ̀ ṣe máa ń jáde, tó jẹ́ ti bébà yẹn gan-an lórí ẹ̀rọ yín. Ti bébà tó ń dán kò bá èyí tí kò dán mu. Àwọn tó ń ṣe bébà fọ́tò sábà máa ń fi í sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Irú bébà tí ẹ bá yàn lórí ẹ̀rọ náà tún gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó wà nínú rẹ̀, torí òun ló ń pinnu bí tàdáwà á ṣe pọ̀ tó.

Àwọn àwọ̀ kan wà tí tàdáwà kò lè dé, pàápàá búlúù àti àwọ̀ ewé tó bá ń tàn yòò. Kò sí ètò kankan tó lè wo ìyẹn sàn.

Ẹ kọ́kọ́ tẹ ègé kékeré tó ní ojú èèyàn nínú, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ di ọjọ́ kejì, torí àwọ̀ ṣì lè yí díẹ̀ bó ṣe ń gbẹ. Ẹ̀bá fèrèsé lójú ọ̀sán ni kí ẹ ti wò ó. Lábẹ́ gílóòbù tó ń tan ìmọ́lẹ̀ pípọ́n, kò sí fọ́tò tí kò ní dà bí èyí tó pọ́n.