Ìbéèrè Òǹkàwé: Ṣé Eku Wà Nínú Ratatouille?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, mo kí yín. Ọmọ mi tí ó ń kọ́ èdè Faransé kà á pé ratatouille ni orúkọ ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ kan ní ilẹ̀ Faransé, ó sì sọ fún mi pé eku ni ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé rat ni àwọn Faransé ń pe eku. Ó tún fi fíìmù kan tí eku ti ń dáná ní Paris ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn. N kò gbà, ṣùgbọ́n n kò mọ ohun tí n ó fi já ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní koro. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ìtumọ̀ orúkọ náà, ibo ni ó sì ti wá?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ìyá wa. Kò sí eku nínú ìkòkò ratatouille, kò sì sí nínú orúkọ rẹ̀. Ojú ni ó tan ọmọ yín jẹ, nítorí pé lẹ́tà mẹ́ta àkọ́kọ́ inú ọ̀rọ̀ náà jọ orúkọ eku lórí ìwé. Ṣùgbọ́n bí Faransé bá pè é, ra-ta-túì ni ẹ ó gbọ́, lẹ́tà t àkọ́kọ́ sì jẹ́ ti sílébù kejì, kì í ṣe ti èkíní. Ní ti fíìmù tí Pixar gbé jáde ní ọdún 2007, ńṣe ni ó mọ̀ọ́mọ̀ fi ìjọra yìí dápàárá, nítorí pé eku ni olú ẹ̀dá ìtàn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti wà nínú ìwé Faransé láti ọdún 1778, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tí ì mọ ohun tí ń jẹ́ fíìmù.

Ọ̀rọ̀-ìṣe tí ẹ gbọ́dọ̀ dì mú ni touiller, tí ó túmọ̀ sí kí á ro nǹkan pọ̀. Àwọn Faransé ṣì ń lò ó lójoojúmọ́. Kódà, igi pẹlẹbẹ kékeré tí wọ́n máa ń fi sí ẹ̀gbẹ́ ife kọfí, kí ènìyàn lè fi ro ṣúgà rẹ̀, touillette ni wọ́n ń pè é. Láti inú touiller ni wọ́n ti rí tatouiller àti ratouiller, pẹ̀lú àfikún ìró tí ó ń fi hàn pé rírò náà pọ̀, kò sì létò. Nígbà tí méjèèjì wọnú ara wọn ni ratatouille jáde. Ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, àwọn tí ń sọ èdè Occitan ń kọ ọ́ ní ratatolha. Kò yẹ kí èyí ṣàjèjì sí àwa tí a ń sọ pé nǹkan rí rúdurùdu tàbí wúruwùru, tí a sì mọ̀ pé àtúnpè ìró náà gan-an ni ó ń gbé ìdàrúdàpọ̀ wá sójú ẹni.

Bí a bá tún tọpa touiller lọ sẹ́yìn, a ó bá a nínú èdè Látìn, níbi tí tudicula ti jẹ́ orúkọ ẹ̀rọ kékeré tí àwọn ará Róòmù fi ń fọ́ èso ólífì, tí ó sì jẹ́ ọmọ ìdílé kan náà pẹ̀lú tundere, èyí tí í ṣe lílù tàbí gígún. Mo fẹ́ràn ibí yìí púpọ̀ nínú ìtàn náà: ọbẹ̀ tí a kì í sè láìsí òróró ólífì, inú ẹ̀rọ ólífì ni orúkọ rẹ̀ gbà kọjá, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó pète rẹ̀.

Orúkọ yìí kò níyì ní ìbẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe oúnjẹ pàtó kan ni wọ́n fi ń pè. Ọbẹ̀ àdàlù èyíkéyìí ni, pàápàá èyí tí alásè kàn da ohunkóhun tí ọwọ́ rẹ̀ bà sínú rẹ̀. Nínú ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ọmọ ogun Faransé gé e kúrú sí rata, wọ́n sì fi ń pe oúnjẹ bárékè wọn, ìyẹn pòtétò tàbí ẹ̀wà pẹ̀lú ẹran díẹ̀. Títí di òní, bí Faransé bá ní kí ènìyàn má sùn lórí rata, ohun tí ó ń sọ ni pé kí ó má fi iṣẹ́ tí ó wà níwájú rẹ̀ falẹ̀.

Ìlú Nice ní etí òkun Mẹditaréníà, tí ó di ti ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1860, ni ó gbé orúkọ náà kúrò nínú ẹ̀gàn, tí ó fi jẹ́ pé nínú ọ̀rúndún ogún, ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ tiwọn ni gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ọn. Ọbẹ̀ náà fúnra rẹ̀ kò sì lè ti ayé àwọn ará Róòmù wá bí orúkọ rẹ̀, nítorí pé Amẹ́ríkà ni tòmátì, tàtàṣé àti ìdílé elégédé tí courgette (ẹ̀fọ́ gígùn tí ó jọ kùkúńbà) ti jáde ti wá, lẹ́yìn ìrìn àjò Columbus ní ọdún 1492. Àwọn Lárúbáwá ni wọ́n sì gbé ìgbá elése àlùkò láti Éṣíà wọ Yúróòpù. Àwọn ará Spain ní irú ọbẹ̀ yìí tí wọ́n ń pè ní pisto, láti inú ọ̀rọ̀ Látìn tí ó túmọ̀ sí ohun tí a gún.

Alásè tí ó mọ iṣẹ́ yìí dunjú kì í kó gbogbo rẹ̀ sínú ìkòkò lẹ́ẹ̀kan náà. Yóò dín ìgbá lọ́tọ̀ nínú òróró ólífì títí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yóò fi pọ́n, yóò kó o jáde, yóò dín courgette, yóò sì dín tàtàṣé. Yóò wá fi iná díẹ̀ se tòmátì pẹ̀lú àlùbọ́sà àti aáyù títí omi rẹ̀ yóò fi gbẹ. Nígbà tí gbogbo wọn bá ti jinná ni yóò tó dà wọ́n pọ̀, tí yóò sì fi ọwọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ rò wọ́n lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, kí wọ́n má baà fọ́. Rírò díẹ̀ yẹn ni ohun tí ó ṣẹ́kù nínú ìkòkò láti inú orúkọ náà.