Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Àpótí ọmọ oyin ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ìrúwé

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Kent, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni mò ń gbé, mo sì ń sin oyin ní ẹ̀yìnkùlé mi. Àpótí ọmọ méjì, ibi tí ayaba ń yé ẹyin sí, ni mo gbé léra wọn, irú èyí tí wọ́n ń pè ní National. Nígbà tí mo ṣí ìdérí wò fìrí ní ìparí oṣù kejì, inú àpótí òkè ni gbogbo àwọn oyin wà, ó sì dà bíi pé ti ìsàlẹ̀ ṣófo. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń sin oyin ní Amẹ́ríkà ní kí n gbé ti òkè sí ìsàlẹ̀, kí n sì gbé ti ìsàlẹ̀ sí òkè, kí ayaba lè ráyè yé ẹyin. Ṣé kí n ṣe bẹ́ẹ̀ báyìí?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ẹ má tíì ṣe é. Ọ̀rẹ́ yín kò parọ́, nítorí ó pẹ́ tí àwọn olùsìn oyin ní Amẹ́ríkà ti ń pààrọ̀ àpótí Langstroth wọn, irú èyí tó wọ́pọ̀ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ní àkókò tirẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta kò sì tíì tó àkókò náà ní agbègbè yín.

Kò sí ohun tó ṣe àwọn oyin yín tí wọ́n fi wà lókè. Jálẹ̀ ìgbà òtútù ni wọ́n máa ń ṣù jọ, tí wọ́n ń jẹ oúnjẹ tó wà nínú afárá lókè orí wọn, tí wọ́n sì ń gùn tẹ̀lé e díẹ̀díẹ̀ títí wọn yóò fi kan ìdérí. Ohun tí ẹ ní láti máa rò ní àkókò yìí ni ooru. Ibi tí ẹyin àti ìdin bá wà nínú ilé oyin gbọ́dọ̀ gbóná tó 34 sí 35 °C, ì báà jẹ́ pé yìnyín bo ilẹ̀ níta. Àwọn òṣìṣẹ́ ló ń fi ara wọn mú ooru yìí jáde, tí wọ́n ń gbọn iṣan ìyẹ́ wọn láìfò, oyin tí wọ́n kó pamọ́ ni wọ́n sì ń jẹ kí wọ́n lè rí agbára ṣe é. Bẹ́ẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ tó wà nílé ní oṣù kẹta ti darúgbó. Àwọn tí wọ́n bí ní ìgbà ìwọ́wé tó kọjá ni, àwọn tí wọ́n lè lo oṣù márùn-ún tàbí mẹ́fà láyé, nígbà tí àwọn tí wọ́n bí ní ìgbà ooru kì í sábà lò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ. Wọ́n ń kú lójoojúmọ́, àwọn arọ́pò wọn kò sì tíì pọ̀, nítorí ọjọ́ 21 ni ẹyin òṣìṣẹ́ ń gbà kó tó jáde ní kòkòrò.

Ẹ wá wo ohun tó lè ṣẹlẹ̀ tí ọmọ bá wà nínú àpótí òkè, tí díẹ̀ nínú rẹ̀ sì sọ̀ kalẹ̀ sí orí férémù (igi onígun mẹ́rin tí afárá wà nínú rẹ̀) ti ìsàlẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Ìṣù kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ jẹ́. Tí ẹ bá pààrọ̀ àpótí, ẹ ti gé e sí méjì: apá kan á bọ́ sókè pátápátá, apá kejì á bọ́ sísàlẹ̀ pátápátá, afárá tútù á sì wà láàárín wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ díẹ̀ tó kù kò ní lè bo apá méjèèjì, ọmọ tí wọn kò bá sì rí bò á kú ní òru ọjọ́ kan. Ẹni tó kọ́ iṣẹ́ yìí nílé, ní Ọ̀yọ́ tàbí ní Kwara, lè má ronú nípa èyí, nítorí kò sí ọ̀gìnnìtìn níbẹ̀.

Oúnjẹ ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ bójú tó. Ẹ fi ọwọ́ kan gbé etí ìsàlẹ̀ àpótí sókè díẹ̀ láìṣí i, ẹ gbé ti ọ̀tún, ẹ gbé ti òsì. Tó bá wúwo bí ẹni pé wọ́n kàn án mọ́lẹ̀, oúnjẹ ṣì wà. Tó bá gbéra wẹ́rẹ́, ebi ti dé ẹnu ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ ilé oyin tó la oṣù kejìlá àti oṣù kìíní já ni ebi máa ń pa ní oṣù kẹta, nítorí pé ayaba ti bẹ̀rẹ̀ sí í yé ẹyin, títọ́ ọmọ sì ń jẹ oúnjẹ púpọ̀. Ó máa ń dunni láti rí wọn: wọ́n á ki orí bọ inú ihò afárá tó ti gbẹ, ìdí wọn nìkan ni á máa yọ síta. Tí àpótí yín bá fúyẹ́, ẹ gbé fọ́ńdáǹtì, ṣúgà rírọ̀ tí àwọn tó ń ṣe kéèkì máa ń lò, lé ojú ihò ìdérí inú ní ọ̀gangan orí àwọn oyin gan-an, torí pé wọn kì í fi ìṣù wọn sílẹ̀ lọ wá oúnjẹ nínú òtútù bó ti wù kó sún mọ́ wọn tó. Ṣúgà tí a fi omi pò, kílò kan sí lítà omi kan, di ìgbà tí ọjọ́ bá móoru.

Ẹ jókòó ti ẹnu ọ̀nà wọn pẹ̀lú ní ọ̀sán tí oòrùn bá ràn. Tí àwọn òṣìṣẹ́ bá ń gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó wọlé lẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn, aláwọ̀ ọsàn láti ara òdòdó crocus, aláwọ̀ ìyeyè láti ara igi willow, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ayaba wà, ó sì ń ṣiṣẹ́.

Nígbà tí ọ̀sán bá móoru dé 14 tàbí 15 °C, tí afẹ́fẹ́ kò sì le, èyí tó sábà máa ń bọ́ sí oṣù kẹrin lọ́dọ̀ yín, ẹ lè wá tú ilé. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ má pààrọ̀ rárá. Tí ẹ bá rí i pé kò sí ọmọ nísàlẹ̀ lóòótọ́, ẹ mú àpótí òfìfo náà kúrò, kí ẹ sì gbé èyí tí ọmọ wà ka orí pákó ìsàlẹ̀ tó mọ́. Afárá tó bá ti dúdú débi pé ìmọ́lẹ̀ kò gbà á kọjá mọ́, ẹ yọ́ ọ kí ẹ gba ìda rẹ̀, nítorí àrùn máa ń sápamọ́ sínú afárá tó ti gbó. Àwọn oyin yóò wà nínú àpótí kan tí agbára wọn ká láti mú gbóná. Nígbà tí ọmọ bá wà lórí férémù bíi mẹ́jọ nínú 11 tí àpótí National ń gbà, ẹ gbé ìkejì lé e lórí. Ayaba yóò gùn ún fúnra rẹ̀.

Ìbéèrè: Birmingham ni mo wà. Mo fi àwọ̀n tí kì í jẹ́ kí ayaba kọjá sílẹ̀ láàárín àpótí ọmọ àti àpótí oúnjẹ tó wà lókè rẹ̀ láti ìgbà ìwọ́wé. Ṣé ó burú?

Ìdáhùn: Ẹ yọ ọ́ lónìí, òtútù kì í ṣe àwáwí nínú èyí, nítorí kò gbà ju kí ẹ gbé àpótí òkè, kí ẹ fa àwọ̀n náà yọ, kí ẹ sì dé e padà. Bí ìṣù oyin bá gùn tẹ̀lé oúnjẹ, ayaba nìkan ni yóò ṣẹ́ kù sísàlẹ̀, òtútù á sì pa á. Bí ẹ kò bá rí ẹyin tàbí ìdin kankan ní ìparí oṣù kẹrin, ó ṣeé ṣe kí ayaba ti kú; ẹ da ilé náà pọ̀ mọ́ ilé mìíràn tó ní ayaba, tí ẹ bá ti rí i dájú pé kò sí àrùn nínú méjèèjì.

Ìbéèrè: Mo ń rí òkú ọmọ oyin lẹ́nu ọ̀nà àpótí mi ní Leeds láàárọ̀. Ṣé òtútù ni, àbí àrùn?

Ìdáhùn: Ẹ mú ọ̀kan sọ́wọ́. Tó bá le gan-gan, tó funfun tàbí tó ti ń dúdú, irú nǹkan tó ń mú kí búrẹ́dì bu ló pa á. Ó wọ́pọ̀ nínú ilé tó tutù tó sì lọ́rinrin, ó sì sábà máa ń lọ nígbà tí oyin bá pọ̀ sí i. Tó bá rọ̀, tó sì jẹ́ pé ẹ̀yìn òru tó tutù gan-an ni ẹ rí i, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òtútù. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ṣí ilé ní ọjọ́ tó móoru, tí ẹ rí i pé ìdérí ihò ọmọ ti jìn wọnú, tó ń dán, tí òmíràn sì lu, ẹ ki igi ìṣáná bọ ọ̀kan, kí ẹ fà á jáde jẹ́jẹ́. Bí ohun tó yọ jáde bá fà gùn, tó sì ní àwọ̀ búráùn, èyí tó burú jù nínú oríṣi méjì àrùn foulbrood, àrùn tó ń pa ọmọ oyin, nìyẹn. Èyí tó kù máa ń pa ìdin kí wọ́n tó bo ihò, ìdin náà á wọ́, á sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí ẹni tó bá fura sí èyíkéyìí nínú méjèèjì fi tó National Bee Unit, ẹ̀ka ìjọba tó ń bójú tó ìlera oyin, létí, kí àyẹ̀wò tó wáyé. Ẹ má tijú láti pè wọ́n. Kí wọ́n tó dé, ẹ dín ẹnu ọ̀nà ilé náà kù kí oyin ilé mìíràn má baà wọlé jalè, ẹ fọ ìbọ̀wọ́ àti irin tí ẹ fi ń ṣí férémù, ẹ má sì gbé férémù kankan láti ilé kan lọ sí òmíràn.