Òòfà Wà Lábẹ́ Ère, Síbẹ̀ Ère Ń Yọ̀ Lórí Tírè

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin olóòtú. Mo lẹ òòfà mọ́ abẹ́ àwọn ère ọmọ ogun tí mo fi ń ta eré ogun orí tábìlì. Ìdí wọn fẹ̀ tó 25 mm. Bí mo bá gbé tírè, ńṣe ni wọ́n ń yọ̀ kiri. Ṣé òòfà náà kò lágbára ni?

ÌDÁHÙN: Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ àlàfo ni. Bí òòfà bá wọnú ju etí ìdí ère lọ, bó tiẹ̀ jẹ́ ìdajì mílímítà, agbára rẹ̀ á ti dín kó tó dé ara irin tírè. Òòfà neodymium (irú òòfà tó lágbára gan-an) roboto kan, tó fẹ̀ ní 5 mm tó sì nípọn ní 2 mm, tó fún ère oníke. Ère onírin lè gba méjì.

Ẹ fi sáńpépà ha ẹ̀yìn òòfà, torí ó ń dán jù fún gọ́ọ̀mù. Ẹ tẹ́ ọ̀rá fẹ́lẹ́ sórí tírè, ẹ gbé òòfà lé e, ẹ fi gọ́ọ̀mù olómi méjì tí à ń pò pọ̀ sẹ́yìn rẹ̀ (súpà gúlúù kì í dí àlàfo), kí ẹ wá gbé ère bò ó. Irin á fa òòfà mọ́lẹ̀, á bá etí dọ́gba. Ó di ọjọ́ kejì kí ẹ tó ká ọ̀rá.

Ẹ yẹ tírè náà wò pẹ̀lú: òòfà kì í mú alumíníọ̀mù, rọ́bà oní-lẹ́búlẹ́bú irin kò sì lágbára tó páànù irin gidi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé òòfà jìnnà sọ́mọdé. Bí ọmọ bá gbé méjì mì, wọ́n lè fa ara wọn, kí wọ́n dá ihò sí ìfun.